Àmọ̀kẹ́ Kan Péré

Ọjọ́ tí Zachariah kọ́kọ́ rí Àmọ̀kẹ́, irọ́ ló ń pa lọ́wọ́. Irọ́ tó dùn ni o, irọ́ tí gbogbo kíláàsì ń gbádùn, àmọ́ irọ́ ṣáà ni.

Ọdún 1971 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdèrè. Ọmọ Èrúwà ni Zachariah, tíṣà tuntun tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ ya fọ́tò. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ́ àwọn ọmọ náà ní ínǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà àti yáàdì, kò yé wọn, ẹkún nìkan ló kù kí wọ́n sun. Ló bá ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní kí wọ́n pa ìwé dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn ìlú kan tó ń jẹ́ Ajíwọ̀n fún wọn, ìlú kan lẹ́yìn òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ orúkọ ínǹṣì rí.

"Ìkọ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà ní Ajíwọ̀n," ló wí. "Ibi tí igbe àkùkọ bá dé kó tó pòórá, ìkọ kan nìyẹn. Ìkérora ni wọ́n fi ń wọn ẹrù. Ẹrù tó bá mú èèyàn kérora lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń gbé e, ìkérora kan ni. Tó bá wá di ti àkókò, ìtutù ni: bí ẹ̀kọ gbígbóná ṣe ń pẹ́ tó kí ọmọdé tó lè mu ún."

"Tíṣà, ìkérora mélòó ni àpò gàárì kan?" ni ọmọ kan bèèrè.

"Ta ló gbé e?" ni Zachariah fi dá a lóhùn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà náà. Ọmọbìnrin kan ló dúró síbẹ̀, ó gbé téèpù kọ́rùn. Àmọ̀kẹ́ ni, ọmọ Ògúnbíyìí ọdẹ, télọ̀ tí wọ́n ní kó wá wọn àwọn ọmọ fún yunifọ́ọ̀mù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà," ó ní, "kí ni wọ́n fi ń wọn ìtìjú níbẹ̀?"

"Wọn ò ní ìtìjú ní Ajíwọ̀n," ni Zachariah fi dá a lóhùn.

"Ìlú náà ò tíì pé nìyẹn," Àmọ̀kẹ́ wí, ó sì yíjú padà.

Ìgbà tó ń lọ ni Zachariah rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ni sòbìyà jà á, àrùn inú omi odò tó máa ń yọ lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn Ìdèrè gan-an lásìkò tí iṣẹ́ oko bá le. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣeé ká mọ́. Ó ń gbé e yípo, ó ń sinmi díẹ̀, ó tún ń gbé e. Láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì dé ìdí mángòrò níbi tó gbé báàgì rẹ̀ sí, kò jìn rárá, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lójú ọ̀nà. Zachariah dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ó ń pẹ́.

Ìfẹ́ wọlé, kò kan ilẹ̀kùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Zachariah ti gbé ṣòkòtò lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Ògúnbíyìí, níbi tí Àmọ̀kẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Àmọ̀kẹ́ yí ṣòkòtò náà síwá sẹ́yìn. "Tíṣà, ṣòkòtò yìí ò tú níbì kankan."

"Á tú lọ́la."

"Ẹ wá gbé e wá lọ́la nígbà náà."

Ó gbé e wá lọ́la, lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Zachariah ń pè é ní ìyàwó mi kó tó mú nǹkan kan délé bàbá rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ náà ń pè é ní ọba Ajíwọ̀n. Kò sí ẹni tó jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ fún un pé òun ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kò sí ọkùnrin tó máa wo òun kó má wo ẹsẹ̀ òun lákọ̀ọ́kọ́. Zachariah búra pé ẹ̀rín rẹ̀ lòun kọ́kọ́ gbọ́. Òótọ́ sì ni.

Ibi tó ti gọ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan ní kíláàsì ní, "Tíṣà, ìkọ ti jìn jù. Kí ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà tí kò jìn?" Zachariah gbójú wo ìta, Àmọ̀kẹ́ ń kọjá lọ sí ìdí mángòrò. Ẹnu rẹ̀ yọ kó tó ronú.

"Àmọ̀kẹ́," ó ní. "Àmọ̀kẹ́ kan ni ọ̀nà tí kò jìn, àmọ́ tó máa ń pẹ́ kéèyàn tó dé ibẹ̀."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ohun tí àwọn ọmọ gbọ́ yàtọ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ Àmọ̀kẹ́, wọ́n wo ara wọn, ni wọ́n bá ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi jáde nílé ẹ̀kọ́. Àgbẹ̀ ń sọ ọ́ lọ́nà oko, àwọn awakọ̀ ń sọ ọ́ ní gáréèjì Igbó-Ọrà. "Ó ku bí i mélòó ká dé?" "Àmọ̀kẹ́ méjì péré." Àwọn kan á tún fa ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Gbogbo Ìdèrè ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ létí Àmọ̀kẹ́, torí ẹni tí sòbìyà bá jà, wọn kì í dárúkọ ẹsẹ̀ lójú rẹ̀.

Zachariah mọ̀. Ì bá ti dá a dúró nígbà tó ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn, kí n má purọ́ fún yín, pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun jáde ń wọkọ̀ káàkiri Ìbàràpá. Ojú ń tì í díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbé e mì.

Lásìkò Àjíǹde, ó mú Àmọ̀kẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Èrúwà. Edith ni orúkọ màmá náà, aṣọ ló ń tà, òun sì ni igbákejì ìyá ìjọ. Inú rẹ̀ ò kọ́kọ́ dùn sí ọmọ ọdẹ tó ń bọ Ògún. Zachariah ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ó ṣe nǹkan kan tí kò sọ fún Àmọ̀kẹ́: ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Abíọ́dún ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Abíọ́dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ ti jókòó nígbà tí màmá náà ti ilé ìdáná wọlé. Ó fi orúnkún òsì kan ilẹ̀ láti orí àga, ó kí i, aṣọ rẹ̀ sì bo ẹsẹ̀ kejì. Màmá wo aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó wo ojú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ rọ̀.

"Abíọ́dún, ìyàwó mi," ó ní, "máa jẹun, ká lè tètè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣé ó jìnnà, Mà?"

"Kò jìnnà rárá. Àmọ̀kẹ́ kan péré ni." Màmá rẹ́rìn-ín. "Ó yẹ kó o mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ará Ìdèrè lẹ ni ín. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún, tó bá ní òun ń lọ sódò láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dé ibẹ̀."

Zachariah na ọwọ́ láti dá a dúró, ó ti pẹ́ jù.

Àmọ̀kẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀. Ó dìde. Ó rìn láti ìdí àga dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ náà yípo, ó sinmi, ó tún gbé e.

"Èmi ni, Mà," ó ní. Ó wá yíjú sí Zachariah. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ fún wọn pé Abíọ́dún ni mí?"

Ìdáhùn náà yé Àmọ̀kẹ́ láìjẹ́ pé Zachariah sọ ọ́: ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ẹnu ọba Ajíwọ̀n fúnra rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n náà ti jáde. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ wọkọ̀.

Màmá Zachariah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "O jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi bú ìyàwó mi lójú ara rẹ̀," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Zachariah, o dójú tì mí." Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, Ògúnbíyìí wá bá Zachariah lábẹ́ mángòrò. Kò gbé ìbọn dání, kò sì pariwo. Zachariah dọ̀bálẹ̀, kò ní kó dìde.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé o ní ìlú kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé àwọn tó wà níbẹ̀ ò bímọ ni, tó fi jẹ́ pé ọmọ tèmi lo rí fi ṣe òṣùwọ̀n?" Bàbá náà na ọwọ́ sí ọ̀nà odò. "Èmi ni mo fún un lómi odò yẹn mu. Mo ti ru ìtìjú tèmi. O wá lọ fi tìrẹ kún un. Má dé ọ̀ọ̀dẹ̀ mi mọ́."

Zachariah ò sùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó rí ọgbọ́n kan dá, ọgbọ́n tíṣà. Ó ní kí kíláàsì rẹ̀ tò lẹ́yìn òun, ó sọ fún wọn pé wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtìjú ní Ajíwọ̀n. "Orúkọ mi ni. Ẹ máa kà á ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń lọ." Ló bá mú ọ̀nà ilé Ògúnbíyìí pọ̀n láàárín ìlú, àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Zakaráyà kan! Zakaráyà méjì!" Àwọn èèyàn jáde sí ìta. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn díẹ̀ pé òun ń san gbèsè ohun tóun ṣe.

Àmọ̀kẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ dákẹ́, ó ní kí wọ́n padà.

"Tíṣà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bojú wẹ̀yìn bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀?"

"Mi ò kà á."

"Ẹ bojú wẹ̀yìn dáadáa. Mo rí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀ ń wò bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín." Ó yọ òwú lára abẹ́rẹ́. "Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ìbojúwẹ̀yìn. Èmi ti ń bojú wẹ̀yìn láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìgbà tí mo pàdé yín ni mo dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ wá dá mi padà síbẹ̀."

"Àmọ̀kẹ́ mi, jọ̀ọ́..."

"Ẹ tún ti ṣeré fún gbogbo ìlú wò. Lọ́la, wọ́n á ní, kí ló dé tí Tíṣà ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wọ́n á ní, torí ẹsẹ̀ Àmọ̀kẹ́ ni. Ẹ máa lọ ilé."

Ó lọ. Ìgbà yìí ni ojú tó wá tì í gan-an, irú èyí tí kò ní inú dídùn kankan nínú. Ó rí i pé ìfẹ́ òun kò tíì dákẹ́ rí. Gbogbo ìgbà ló ń fẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ.

Kò sọ ìtàn Ajíwọ̀n mọ́. Ó padà sí ínǹṣì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń lọ láti agboolé dé agboolé, òun nìkan, ó ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nínú ilé, ó sì ń gba èébú tó bá tọ́ sí i. Nígbà tó parí Ìdèrè, ó wọkọ̀ lọ sí Igbó-Ọrà.

Búrẹ́mọ̀ awakọ̀ ló sọ èyí fún Àmọ̀kẹ́, nígbà tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá kó bá òun rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Kò fẹ́ sọ ọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Tíṣà yín wá bá wa ní gáréèjì. Ó ní ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yẹn, èèyàn ló ń jẹ́ ẹ, ẹni tóun fẹ́ràn ni, òun lòun bà á jẹ́. Ó bẹ̀ wá ká má sọ ọ́ mọ́. Àwọn ọmọ wa fi í ṣẹ̀sín o, ó dúró. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì bá àwọn tí kò sí níbẹ̀." Ó fọwọ́ họ ọrùn. "Èmi náà máa ń sọ ọ́. Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Ṣé ó ní kẹ́ ẹ sọ fún mi?"

"Ó ní ká má sọ ọ́."

Àmọ̀kẹ́ rán bọ́tìnnì náà tán. Ó wá ní kí Búrẹ́mọ̀ bá òun sọ fún Tíṣà pé bí ṣòkòtò rẹ̀ bá ti tú, kó gbé e wá.

Ó pẹ́ kí Ògúnbíyìí tó gbà. Màmá Zachariah wá láti Èrúwà, ó kúnlẹ̀ fún bàbá náà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ṣòro fún un láti gbójú sókè. Nígbà tí bàbá náà yóò fọhùn, ó ní kí wọ́n lọ ṣe ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìdèrè, òun ò ní dí wọn lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní gbé ọmọ mi lọ. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ni yóò fi rìn ín."

Zachariah bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rìn lẹ́yìn rẹ̀. Àlùfáà ní ọkọ ìyàwó kì í rìn lẹ́yìn, iwájú pẹpẹ ni ó ti ń dúró. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni Àmọ̀kẹ́ ṣe gba àárín ìlú kọjá nínú aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Màmá Zachariah di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí Àmọ̀kẹ́ bá gbé, ó ń sinmi nígbà tó bá sinmi. Kò sẹ́ni tó ka nǹkan kan. Zachariah wà lẹ́yìn, ó doríkodò. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bojú wẹ̀yìn, òun nìkan ni kó rí. Ó ń gbàdúrà pé kó má bojú wẹ̀yìn.

Kò bojú wẹ̀yìn ní iwájú ọjà. Kò bojú wẹ̀yìn ní iwájú ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró, ó yíjú padà.

"Ẹ gbójú sókè, Tíṣà," ó ní. "Èyí kì í ṣe ti ìtìjú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ ń bọ̀ ni."

"Mò ń bọ̀."

Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi dé.