Ọkùnrin Oníke Abẹ́ Òpó Keje

Òpó mẹ́sàn-án ni ilé tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi bíríkì oníke kọ́ sílẹ̀ yàrá wọn ní. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tí èmi alára ń bá ọ̀gá mi kọ́ níbi iṣẹ́, mẹ́sàn-án náà ni. Bí wọ́n sì ṣe tò ó gan-an nìyẹn. Àwọn ọmọ yìí ò débẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí ara mi ò balẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá, ló mú mi débẹ̀; àwọn ni wọ́n ń so irin òpó. Ó ti lé lóṣù kan nígbà náà tá a rí wọn gbẹ̀yìn. Wọ́n jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè so irin tán nínú ihò ìpìlẹ̀. Nígbà tá a débẹ̀, ọ̀gá wa nìkan la bá. Ó ní, "Ó ti bá obìnrin kan lọ." Gbogbo ayé sì gbà á gbọ́! Àwọn ará ilé Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹnu ẹ̀ ló lé ọkọ lọ. Ó kàn ń rán aṣọ ẹni ẹlẹ́ni lọ. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ la àga mọ́ ẹnì kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí mo ka òpó yẹn, mo jókòó kí n bá àwọn ọmọ ṣeré. Èyí obìnrin, ọmọ ọdún méje tá à ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí ẹnu, ló ń pàṣẹ. Àbúrò ẹ̀, Ṣọ́jà, ló ń gbé bíríkì wá.

"Àǹkù, ẹ má jẹ́ kí ojú ìpàdé bíríkì bára mu, á wó," Ìyá Àgbà ní. "Àbí wọn ò kọ́ yín níbi iṣẹ́ ni?"

"Àǹkù ò mọṣẹ́!" Ṣọ́jà ní.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi bojú wo inú òpó. Wọ́n ti ki ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òwú ìyá wọn so ó. Wọ́n yí i sápá òsì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá tẹ ìdí ẹ̀ wọlé kó má ha èèyàn lọ́wọ́. Níbi iṣẹ́ wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń so irin báyẹn.

"Ta ló kọ́ yín ní èyí?" Ohùn mi ti wálẹ̀.

"Dádì."

"Nígbà wo?"

"Lánàá, lẹ́yìn tá a jẹun." Ó ń wá bíríkì nínú àpótí, kò tiẹ̀ wojú mi. "Wọn ò lè jókòó dáadáa ni. Yanrìn ń dà lára wọn."

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù gba yàrá. Fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ o.

Ṣọ́jà ní ọkùnrin oníke kékeré kan lọ́wọ́. Mo ní kó gbé e sókè ilé. Ó kọ̀. Ó ṣí òpó keje, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀, ó sì gbé òpó padà.

"Kí ló dé tó o sin ín?"

"Èmi kọ́! Ẹ̀yin lẹ dà á lé Dádì lórí, Àǹkù. Wọ́n ní ẹ ò mọ̀."

Ẹ gbọ́ mi. Ìpìlẹ̀ òpó keje, èmi ni mo da kankéré sí i, àárọ̀ ọjọ́ tá ò rí Bọ̀ọ̀dá mọ́ gan-an. Mo bẹ ihò náà wò, mo rí yanrìn tó kó jọ nísàlẹ̀. A kì í da kankéré lé yanrìn tó ya wọ ihò. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kó o jáde." Ó jágbe mọ́ mi: "Ta ló bi ọ́? Dà á! Òjò ń bọ̀!" Kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Mo sì dà á. Èmi náà dà á!

Mo sáré lọ bá ọlọ́pàá. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Bíríkì ọmọdé ló wá jẹ́rìí?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé dígà, a gba ibi iṣẹ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òpó keje lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀gá rọra sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò, ọwọ́ ẹ ni kankéré yìí ti wá. Tí wọ́n bá bá nǹkan níbẹ̀, ta ni wọ́n máa mú?"

Ọwọ́ mi dúró. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí.

Ẹ̀gbọ́n mi gba dígà lọ́wọ́ mi. "Tó bá jẹ́ obìnrin tẹ́ ẹ ní wọ́n bá lọ ló wà nísàlẹ̀ ńbí," ó ní, "ẹ jẹ́ n rí i." Ó sọ ọ́ wọlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù wò ó títí, ojú tì wọ́n, wọ́n mú ṣọ́bìrì.

Bàtà la kọ́kọ́ rí. Ti Bọ̀ọ̀dá ni, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà nínú ẹ̀.

Ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá nawọ́ sí mi. "Òun ló dà á! Ẹ bi í!"

"Òótọ́ ni," mo ní. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹni tó ní kí n dà á wà lókè tèmi!"

Ọlọ́pàá kọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó bi wá pé ta ló wà pẹ̀lú wọn nílé báyìí.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò mí. Àwa méjèèjì la jọ jáde láàárọ̀, àwa méjèèjì la sì gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń dá Ṣọ́jà lóhùn láti inú yàrá bá a ṣe ń jáde.

"Bàbá wọn ni," ẹ̀gbọ́n mi ní.