Àlìkámà Inú Bíà Ọkà Bàbà

Bíà tí wọ́n kọ "kò sí àlìkámà" sí lára ló gbé tíṣà Ayọ̀tọ́lá dé ọsibítù. Àlìkámà ni èèwọ̀ inú rẹ̀, ọkà bàbà nìkan ni iléeṣẹ́ kékeré kan ní Ògbà sì ní àwọn fi ń pọn bíà náà. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé àlìkámà wà nínú ìgò. Tíṣà ò kú o, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Insipẹ́kítọ̀ Nùréènì ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá búrẹ́dì Agége, tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, lórí tábìlì Munirat tó ń tọ́jú ilé ẹrù iléeṣẹ́ náà, ó sì tì í mọ́lé.

"Ọ̀gá, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran! Oúnjẹ àárọ̀ mi ni. Mo fọmọ ọmú sílẹ̀ nílé o!"

"Wàá ṣàlàyé ní kóòtù."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò jẹ́ kí Nùréènì sùn dáadáa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó padà sí Ògbà. Fọláyọ̀, ẹni tó ń pọn bíà náà, ló mú un yíká, Olúgbénró tó ni iléeṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé wọn.

"Ibí lẹ ti ń lọ ọkà yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Èmi nìkan ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ wa. Àlìkámà ò débẹ̀ rí."

Nùréènì kì í fẹnu kan ọtí, àmọ́ ó tẹ orí sínú àpò ọkà tí wọ́n ti lọ̀. Háà! Ó sín, ó tún sín, omi dà lójú rẹ̀. Olúgbénró náà tẹ orí bọ̀ ọ́, òun náà sín.

"Eruku ni sà," ni Fọláyọ̀ wí.

Nùréènì nu ojú, ó ká tapólì tó bo ẹ̀rọ náà. Aláǹtakùn ti takùn sí ẹnu rẹ̀. Inú rẹ̀ ń rùn bíi wáyà tó jóná.

"Fọláyọ̀, ata gbígbẹ nìyẹn, kì í ṣe eruku. Iléeṣẹ́ bíà wo ló ń lọ ata? Ẹ̀rọ àdúgbò ló ń lọ ata, tó ń lọ èlùbọ́, tó tún ń lọ àlìkámà àwọn tí dókítà ní kí wọ́n má jẹ iyán mọ́. Ẹni tó bá dé ẹ̀yìn ata, ẹ̀kúnwọ́ kan ló kọ́kọ́ ń dà sí i, á fi nu ẹnu ẹ̀rọ, á dà á nù, kó tó lọ tiẹ̀. Ìwọ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibo lo gbé ọkà yìí lọ?"

Fọláyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọ̀dọ̀ Suara alọta ni, l'Ágége. Mo tan ẹ̀rọ wa sílẹ̀, mo gbàgbé, ó jóná. Mo sì ti fọ́nnu fún ọ̀gá pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò bíi tèmi. Ojú tì mí láti sọ."

"Ojú ò wá tì ọ́ nígbà tí mò ń mú ìyá ọlọ́mọ lọ?"

Olúgbénró kọjú sí ògiri. Nùréènì gbọ́ ìbéèrè tóun fúnra rẹ̀ bi, ó sì gún òun náà láyà.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Nùréènì mú Fọláyọ̀ dé ẹnu àtìmọ́lé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí ilẹ̀kùn. Wàrà ti rin aṣọ Munirat láyà.

"Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Ẹ jẹ́ n lọ fọ́mọ mi lọ́mú."

Ó kọjá láàárín wọn. Ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ṣílẹ̀kùn, kò sí èyí tó lè gbójú sókè wò ó.