Gáùn Tó Jóná Nínú Ìtàn Gègé

Nígbà tí Gègé ka ìtàn rẹ̀ dé ibi tí aránṣọ kan gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí gáùn ìyàwó, gbogbo gbọ̀ngàn ilé ìwé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ìwé pàápàá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Gègé ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára ìwé kíkọ, ọjọ́ ìdíje ìtàn kíkọ sì ni ọjọ́ náà.

Àǹtí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán, jókòó lẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn òbí. Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó gbọ́ pé aránṣọ inú ìtàn máa ń fi abẹ́rẹ́ há ẹnu sọ̀rọ̀, tó sì máa ń pe gbogbo oníbàárà ní "olówó orí mi", ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ. Ó tẹrí ba.

Gègé ló gba ipò kìíní. Wọ́n tẹ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn ilé ìwé, ó sì dé gbogbo àdúgbò.

Gáùn kan ti jóná rí ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe aránṣọ ló jó o. Gègé ni wọ́n ní kó lọ̀ ọ́, fóònù ló gbájú mọ́ tí aṣọ fi gbiná. Nígbà tí ìyá ìyàwó dé pẹ̀lú ìbínú, àǹtí ló bọ́ síwájú. "Ẹ má bínú mà, àìfiyèsí mi ni." Òun ló wá aṣọ mìíràn rán. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti gba Gègé tọ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Gègé ń kọ ìtàn náà, ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ gún un ní kẹ́sẹ́. Àmọ́ ó ti rí ohun tó lè fi pa ọkàn lẹ́nu mọ́. Bùrọ̀dá rẹ̀, ọmọ àǹtí yìí, tó ń kàwé gíga ní yunifásítì, ti sọ fún un nípa èrò kan tó gbilẹ̀ láàárín àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn onírònú, tí orúkọ rẹ̀ gùn bí okùn kànga: pósítímọ́dánísíìmù. Ó ní àwọn onírònú yìí gbà pé kò sí ìtàn kan ṣoṣo tó lè kó gbogbo òtítọ́ ayé mọ́ra, àti pé bí òǹkọ̀wé bá kọ̀wé tán, òǹkàwé ló ni ìtumọ̀ rẹ̀. Gègé gbé ọ̀rọ̀ yìí mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Àwọn ọmọ ilé ìwé á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọ́n á ní, "Àǹtí, èéfín ń rú o." Obìnrin kan wá gba aṣọ tí wọn ò tíì gé, ó ní òun fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn. Òmíràn tún wá. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́ lọ gbári. Àǹtí ò bá Gègé wí. "Oúnjẹ wà nínú ìkòkò," ni yóò wí, á sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lópin ọ̀sẹ̀ kan, bùrọ̀dá wá kí wọn, ó bá ìwé ìròyìn náà lórí tábìlì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé màmá mi ló jó gáùn yẹn?"

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé òtítọ́ kì í ṣe ọ̀kan. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó bá kà á."

"Mi ò bi ọ́ ní ìtumọ̀. Ta ló gbé áyọ́ọ̀nù lé e?"

Gègé ń fi ìka fa etí aṣọ rẹ̀.

"Gbọ́ dáadáa," ni bùrọ̀dá wí. "Àwọn alágbára máa ń sọ ìtàn tiwọn, wọ́n á ní òun nìkan ni òtítọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onírònú yẹn fi ń béèrè pé, ta ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́? Àwọn olóṣèlú kan wá yí i sódì. Wọ́n á purọ́ tán, wọ́n á ní òtítọ́ tiwọn nìyẹn. Ohun tí ìwọ náà ṣe nìyẹn. Nínú ìtàn rẹ, ìwọ ni alágbára. Màmá mi lo pa lẹ́nu mọ́."

Gègé gbójú sókè, ó rí àǹtí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ò bá mi wí?"

"Mo ń retí kó o sọ ọ́ fúnra rẹ." Àǹtí rọra jókòó. "Aṣọ tó jóná ò dùn mí. Bí àwọn tí kò mọ̀ bá fi mí rẹ́rìn-ín, ìyẹn náà ò burú. Ìwọ tó o mọ̀ lo kó wọn jọ."

Lọ́jọ́ Ajé, Gègé bẹ ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ ní àpéjọ àárọ̀. "Àǹtí mi ni aránṣọ inú ìtàn yẹn. Òun kọ́ ló jó gáùn, èmi ni. Ó gbà á sórí ara rẹ̀ nítorí mi, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gba ẹ̀bùn ipò kìíní náà padà. Ó lọ bẹ ìyá ìyàwó pẹ̀lú, ó sì jẹ́wọ́ fún àwọn oníbàárà tó mọ̀. Àwọn kan padà wá. Àwọn kan ò padà mọ́ láéláé, nítorí ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àǹtí dárí jì í, síbẹ̀ ó pẹ́ kí Gègé tó lè wo ojú rẹ̀ tààrà.

Lóòótọ́, ojú tí a fi ń wo ayé kò dọ́gba, ọ̀nà tí a lè gbà sọ ìtàn sì pọ̀. Ìyẹn ò sọ irọ́ di òtítọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé, tí ẹ sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹ tó sọ pé tẹni kọ̀ọ̀kan ni òtítọ́, ẹ bi ara yín léèrè: ìyà ìtàn tí mo ń sọ yìí, orí ta ni yóò sọ̀ sí?