Òkèlè Ẹnu Ìyá Àgbà

Orí kò fọ́ Ọlájídé, ibà kò mú un. Àárọ̀ ló gbéra lọ sí oko kòkó rẹ̀ lẹ́yìn abúlé Ìṣẹ́, kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fi ọ̀kadà gbé òkú rẹ̀ dé. Kò sí ojú eyín ejò lára rẹ̀. Aráyé kì í sì í wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi tì, ìyá rẹ̀ arúgbó ni wọ́n ń fi ojú àjẹ́ wò.

Dárasími, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé fi sílẹ̀, ló tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún méje ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò jí bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ lójú. Bámigbóyè, àbúrò bàbá olóògbé, bi Fúnmi opó pé níbo ni gbogbo oúnjẹ tí ọmọ náà ń jẹ ń wọlẹ̀ sí. Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹyẹ kan ń ké lórí páànù. Ìyá Àgbà gbé ọmọ jókòó sórí itan, ó rún iṣu sísè lẹ́nu títí ó fi kúnná, ó yọ ọ́, ó fi sẹ́nu ọmọ. Ó dúró kí ó gbé e mì kí ó tó rún òmíràn. Lójú Fúnmi, ẹ̀mí ọmọ òun ni wọ́n ń jẹ yẹn.

Ó ròyìn ohun tó rí nínú ìpàdé ìkọ̀kọ̀ tí ẹbí ṣe nílé Bámigbóyè. Wọ́n ránṣẹ́ pe arúgbó náà.

"Uṣu ń há a lọ́fun," ni Ìyá Àgbà wí. "Bí mi ò bá rún un fún un, ebi ni yóò pa á."

"Ẹ jáde nínú ulé Ọlájídé," ni Bámigbóyè dá a lóhùn.

Wọ́n gbé e lọ sí Kota lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀. Fúnmi rò pé òun ti gba ọmọ òun là, áà, ó ṣe ni láàánú.

Láti ìgbà náà, ó ń rọ ọmọ bí wọ́n ti rọ òun náà: yóò tẹ́ ẹ sórí itan, yóò fi ọwọ́ ká a lẹ́nu, yóò sì máa da ògì sí i. Ògì ń gba imú jáde, ọmọ ń húkọ́, ó ń joro. Nígbà tó di oṣù kejì, Fúnmi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Grace gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó mi orí. Ó ní ògì ti wọ ọmọ náà láyà. Ó ní ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò mọ oúnjẹ rún, kò sì tètè ń gbé e mì. Wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó, kí oúnjẹ kúnná, kí ẹni tó ń bọ́ wọn ní sùúrù.

"Ta ló ń bọ́ ọmọ yìí tẹ́lẹ̀ tó fi dàgbà tó báyìí?"

Fúnmi gbé ọmọ pọ̀n. Ó gba oògùn, ó sì sáré lọ kúnlẹ̀ ní Kota. Ìyá Àgbà kò bá a wí, ó wọ bàtà rẹ̀, wọ́n jọ padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó rún iṣu, ó fi kan ètè ọmọ. Ọmọ mọ ọwọ́ rẹ̀, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti gbé e mì mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Èrò kún àgbàlá. Bámigbóyè ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Èmi ni," ni Fúnmi wí. "Èmi ni mo lé ẹni tó ń bọ́ ọmọ mi jáde. Èmi ni mo pa á."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní arúgbó náà ti fi àjẹ́ ràn án. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì wọlé lọ fa Ìyá Àgbà, tí ó ṣì gbé òkú ọmọ náà jókòó sórí itan.