Ẹni Tó Ń Ṣẹ̀wọ̀n Ẹja Àrọ̀

"Wọ́n ní ó tún ti jáde…"

"Ta ló jáde?"

"Ẹja Àrọ̀ kẹ̀! Láàárọ̀ àná. Ọdún mẹ́sàn-án tí adájọ́ dá fún un, kò lò ju oṣù méjì lọ…"

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló ń bá a jìyà ẹ̀. Oníṣègùn kan ló wà lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì tó ń… ẹ dákẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bọ̀."

Télọ̀ ti gbọ́. Ó kọjá lára wọn bí adití.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọ́lé onílé, ọdún méjì ni wọ́n dá fún un. Oṣù kan péré ló lò. Ọjọ́ tó jáde gan-an ni ẹsẹ̀ ìyá wọn gan bí igi. Ọdún méjì pé, ìyá dìde. Ẹ̀ẹ̀kejì náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, owó ń ya wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n rà fún Télọ̀. Kò béèrè ibi tó ti rówó.

Láti àárọ̀ àná, ìyá tún ti dùbúlẹ̀. Ojú egbò bíi ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án! Arúgbó wo ló fẹ́ la ìyẹn já?

Ọ̀sán gangan ni Télọ̀ wọ yàrá oníṣègùn náà. Kò sí fèrèsé. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹran tútù. Ìlẹ̀kùn irin ti ara rẹ̀ gbà!

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ìyá mi sílẹ̀."

"Ẹ̀wọ̀n kì í jóná, ọmọ mi. Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ ṣe é."

"Ẹ mú ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló jalè."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹja Àrọ̀? Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ gbà á nìkan ni tèmi ń mú o. Ṣé òun ló máa gbà?"

Télọ̀ rántí ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ fi mí sí i."

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Bàbá fi gbóhùn sókè:

"Àgádágodo kì í bá kọ́kọ́rọ́ jiyàn. Ẹsẹ̀ tó wá, gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọwọ́ tó ń ránṣọ, di igi!"

Kókósẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dún kàù. Awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ là, irin tí ojú ò rí jẹ wọnú ẹran títí ó fi kan eegun. Ó ṣubú lulẹ̀. Ó figbe ta, ògiri gbé igbe náà mì.

"Ìyá mi á wá mi débí! Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ló fi òun rọ́pò ara rẹ̀. Tó bá mọ̀…"

"Kò mọ̀ kẹ̀?" Bàbá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbí. Gbọ́ ohun tó sọ gbẹ̀yìn, mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀. Ó ní: 'Bàbá, ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn. Tí ara mi ò bá gbé e mọ́, mi ò ní rán àbúrò rẹ̀ sí yín o. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọbìnrin náà gbọ́ lẹ́nu aráyé pé mò ń jìyà. Á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.'"