Òkúta Tó Sán Lọ́wọ́ Burkhard

Burkhard ń fi àtàǹpàkò ki àtè sí ẹ̀yìn ère tó gbẹ́. Ó ti po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ wàràkàṣì àti ẹfun, ó sì ń rẹ́ ẹ wọ ibi tí òkúta náà ti sán láti ọrùn dé èjìká. Nígbà tó gbẹ, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Ère Jésù ni, èyí tí wọn yóò gbé sókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́bàá odò Neckar.

Láàárín àwọn agbẹ́-òkúta, ẹni tó bá ba òkúta jẹ́ ni yóò sin ín. Wọn á gbé e lé pákó bí òkú, ẹni náà á máa tẹ̀ lé e bí ọlọ́fọ̀, wọn á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Burkhard ti fi ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kó kan òun.

Láti ọjọ́ náà ni búrẹ́dì ti dà bí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè gbójú sókè wo àgbélébùú.

Lienhart ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé, “Kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn?”

“Ọtí ni.”

“Ọtí wo ló ń pa ènìyàn fún odidi oṣù? Ohun yòówù kó jẹ́, Jésù ti kú nítorí ẹ̀. Jẹ́wọ́ fún un.”

“Àlùfáà tuntun! Lọ gbẹ́ òkúta tìrẹ.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi okùn fa ère náà sókè, yìnyín ti bo ilẹ̀. Lienhart wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ. Burkhard gbójú sókè, ó rí i pé òtútù ti ti àtè náà jáde.

“Lienhart, kúrò níbẹ̀!”

“Kí ló dé? Ṣé ère rẹ fẹ́ bù mí jẹ ni?”

“Ó ti sán! Èmi ni mo fi àtè rẹ́ ẹ!”

Lienhart fò sẹ́yìn. Orí ère náà já lulẹ̀ síbi tí Lienhart dúró sí tẹ́lẹ̀.

Burkhard wólẹ̀ sínú yìnyín. “Jésù, ara rẹ ni mo fi bo ìgbéraga mi. Díẹ̀ ló kù kí n pààyàn. Ṣàánú mi, gbà mí.”

“Ọ̀gá Burkhard, ẹ ẹ̀ ní sunkún òkú yín ni?” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo bí wọ́n ti ń gbé òkúta náà lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́. Burkhard tẹ̀ lé e. Ó sunkún ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó fi erùpẹ̀ bò ó, ó gbọn ọwọ́, ó sì ń lọ sílé. Ebi ń pa á.

Ìwọ tó ń kà á, kí ni ìwọ náà ti rẹ́ bò? Ta ló dúró sábẹ́ rẹ̀? Ìyàwó rẹ ni, àbí ọmọ rẹ? Ọlọ́run ti rí i kí o tó po àtè. Má ṣe dúró kó wó. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Jésù lónìí.