Igbe Sàláwù

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1978 ni Richard, oníṣẹ́ plástà, já bọ́ láti àjà kẹta ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò. Ó ti kú kí wọ́n tó gbé e. Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Adébísí dé, okùn kan ṣoṣo ló kù tí pákó tí Richard dúró lé fi rọ̀ lára ògiri. Èkejì ti já.

Àwọn ọlọ́pàá ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Sàláwù, fóòmànù ibi iṣẹ́ náà. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, kò sunkún, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Evelyn tó ń ta wàìná, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, lódìkejì títì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, mi ò ní purọ́. Sàláwù ló ní kó fa okùn. 'Ja! Ja!' ló ń pariwo. Richard fà á, na im the rope cut. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Richard fẹ́ fẹ́ Nurat, àbúrò Sàláwù, Sàláwù ní àwọn ò lè fọmọ fún Kìrìsítẹ́nì."

Ẹ̀rí tó lè gbé èèyàn dé ìdí igi ìyẹgi nìyẹn. Adébísí yíjú sí Sàláwù.

"Kí lo wí gan-an?"

"Mo ní okùn ń já, sà. Mo fẹ́ kó gba ojú fèrèsé wọlé."

"Níbo ni wọ́n bí ọ?"

"Ṣakí. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo dé Kánò."

"O gbọ́ Hausa?"

"'Sannu' nìkan, sà."

Adébísí kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọláńrewájú ló kàn, ọ̀gá tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Ó gbé ìwé kan wá tó kún fún ìtẹ̀ka. "Mo kọ́ gbogbo wọn lọ́jọ́ Túsìdeè, bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ lókè tí kò fi ní já bọ́. Mo fi bẹ́líìtì hàn wọ́n, mo sì fún wọn ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa pè bí ewu bá dé. Ikú odò ní í pa òmùwẹ̀, ọ̀gá."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"'Sauka,' sà. Sọ̀kalẹ̀ ni."

Adébísí pe àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan ní "Comot." Làmídì ní "Kúrò." Ẹnì kẹta họ orí, ó ní òun á kàn sá ni.

"Ìtẹ̀ka yín ńkọ́?"

"Ọ̀gá Ọláńrewájú ní ti bàtà tí wọ́n fẹ́ fún wa ni, sà," Làmídì dáhùn.

Adébísí wọ yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Bẹ́líìtì mẹ́jọ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi kó wọn dé, eruku sì ti bò wọ́n. Inú bí i, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sókè nígbà tó kó gbogbo wọn jọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọláńrewájú, bẹ́líìtì tí o fi hàn wọ́n ò tíì jáde nínú ọ̀rá. Níbo lo wà lọ́jọ́ Túsìdeè?"

"Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Nassarawa. Mo ní máa kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Sábọ̀n Gàrí ni wọ́n bí Richard sí," Adébísí wí. "Bí ẹ bá bá a sọ Yorùbá, Hausa ló fi ń dáhùn, ẹ̀yin náà mọ̀. 'Já! Já!' tí Sàláwù ń pariwo, pé okùn ń já ni. Ìkìlọ̀ nìyẹn fún ọmọ Ṣakí. Ṣùgbọ́n 'ja' lẹ́nu Hausa, 'fà á' ni. Evelyn náà, Kánò ni wọ́n bí i, ohun tí Richard gbọ́ lòun náà gbọ́. Ká ní o kọ́ wọn ni, gbogbo wọn ì bá mọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ yẹ̀, bẹ́líìtì ì bá gbá ọkùnrin náà mú."

Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Sàláwù, wọ́n fi sọ́wọ́ Ọláńrewájú.

Ní tẹ́ṣàn, Sàláwù tẹ̀ka sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀.

"Máa lọ sílé," ni Adébísí wí.

Kò dìde. "Nurat wà nílé, sà. Ó máa bi mí ní ohun tí mo sọ fún Richard."

Sàláwù na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ẹ tì mí mọ́lé di ọ̀la."